ORÚKỌ TÍ A FI PAMỌ́

BÍBÉLÌ KÍKÀ: Kólósè 3:22-25, Mátíù 6:1-4
ÀKỌ́SÓRÍ: Hébérù 6:10

Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, bí ọdún Àjíǹde bá dé, àwọn òbí a máa kun ẹyin ní oríṣiríṣi àwọ̀, wọn a sì fi wọ́n pamọ́ kí àwọn ọmọ lè wá wọn rí. Láti ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe eré kọ̀ǹpútà àti fíìmù ti yá orúkọ kan lò: ohun tí òṣìṣẹ́ bá dọ́gbọ́n fi pamọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀, "ẹyin Àjíǹde" ni wọ́n ń pè é.

Èyí tó lókìkí jù wà nínú eré Adventure, tí iléeṣẹ́ Atari gbé jáde ní 1980. Warren Robinett nìkan ló ṣe eré náà, ṣùgbọ́n nígbà náà, Atari kì í kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sára eré tó ṣe. Kí ni ọkùnrin yìí ṣe? Ó kọ́ yàrá ìkọ̀kọ̀ kan sínú eré náà, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, kò sì sọ fún ọ̀gá kankan. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọ̀dọ́ kan tó ń ta eré náà tó rí i, tó sì kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ náà. Steve Wright, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá níbẹ̀, ló fi í wé ẹyin ọdún Àjíǹde.

Olùfẹ́, ó máa ń dunni kí a ṣiṣẹ́ kí a má dárúkọ ẹni. Ìwọ tí o ń gbá ilé Ọlọ́run kí àwọn ará tó dé, ìwọ tí ẹlòmíràn ń fi òógùn rẹ gba oríyìn, má ṣe rò pé iṣẹ́ rẹ ti sọnù. Robinett ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ pamọ́, nítorí kò sẹ́ni tí yóò bá a kọ ọ́. Ìwọ ní Baba tí kì í gbàgbé.

Ṣùgbọ́n bi ara rẹ léèrè: kí ni ó wà ní ìkọ̀kọ̀ iṣẹ́ tèmi? Ṣé òtítọ́ ni, àbí tòmátì tó ti rà ni mo tò sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, tí mo wá fi èyí tó dára bò ó lórí? Bó pẹ́ bó yá, ẹnìkan yóò tú apẹ̀rẹ̀ náà.

Bí ìwọ bá sì jẹ́ ọ̀gá, má ṣe jẹ́ kí òṣìṣẹ́ rẹ máa wá ibi tí yóò sá orúkọ rẹ̀ pamọ́ sí. Dárúkọ rẹ̀ ní gbangba.

IṢẸ́ ÒNÍ: Wá ẹnìkan tí iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe ọ́ láǹfààní, tí ẹnikẹ́ni kì í yìn. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú àwọn ẹlòmíràn.

ÀDÚRÀ: Baba, má ṣe jẹ́ kí òógùn mi já sí asán. Ohun tó bá fara sin nínú iṣẹ́ mi, jẹ́ kó yìn Ọ́ lógo lọ́jọ́ tí yóò hàn, ní orúkọ Jésù. Àmín.