Ọmọ Tí A Bí àti Ọmọ Tí A Gbà Tọ́ Nínú Ilé Kan

Ibi tí a ó kà: Máttéù 1:18–25, Máàkù 6:1–4, Róòmù 8:14–17
Ẹsẹ fún àkọ́sórí: Róòmù 8:17
Kíkà ní ilé láàrin ọ̀sẹ̀: Gẹ́nẹ́sísì 37:1–11, Ẹ́ksódù 2:1–10, Ẹ́stérì 2:5–11, Lúùkù 15:25–32

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ẹ wo àdúgbò yín yíká. Ilé tí gbogbo ọmọ inú rẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí tọkọtaya tí ó ni ín kò pọ̀ ní Ìwó yìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tí ó ti kú ń bẹ nínú òmíràn, ọmọ àbúrò tí iṣẹ́ gbé lọ sí Èkó ń bẹ nínú òmíràn, ilé mìíràn sì wà tí wọ́n ti lọ gba ọmọ láti ibi tí a ti ń tọ́jú àwọn aláìníyàá. Àwa Onítẹ̀bọmi kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ yìí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní àwọn ọdún 1920, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan láti Amẹ́ríkà, Mísì Ruth Kersey, bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú àwọn ọmọ ọwọ́ tí ìyá wọn kú. Orúkọ rẹ̀ ni a fi sọ ilé àwọn ọmọ tí ó wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ òní kò béèrè bóyá ó dára kí Onígbàgbọ́ gba ọmọ tọ́. A ti mọ̀ pé ó dára. Ohun tí ó ń béèrè ni èyí: nígbà tí ọmọ náà bá ti wọlé, tí àwọn ọmọ tí a bí sì wà níbẹ̀, báwo ni ìgbàgbọ́ wa ṣe ń hàn nídìí àwo ọbẹ̀, nídìí owó ilé-ìwé, àti ní ọjọ́ tí nǹkan bá fọ́ nínú ilé?

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

Ilé Jósẹ́fù ní Násárétì

Jósẹ́fù rí i pé Màríà lóyún, ó sì mọ̀ pé òun kọ́ ni òun ni oyún náà. Máttéù pè é ní olódodo ènìyàn, ẹni tí kò fẹ́ dójú ti obìnrin náà ní gbangba. Lẹ́yìn tí áńgẹ́lì bá a sọ̀rọ̀ lójú àlá, ó mú Màríà sọ́dọ̀. Ẹ kíyèsí ohun tí ó parí orí kìn-ín-ní náà: Jósẹ́fù ni ó sọ ọmọ náà lórúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà wa kò ní ṣàì mọ ìtumọ̀ èyí. Èrò ọ̀nà kì í dédé wá sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí yóò dúró fún un ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Jósẹ́fù dúró fún ọmọ tí kò bí, ìdí sì nìyẹn tí Máttéù fi lè ka ìran Jésù láti ọ̀dọ̀ Dáfídì wá sọ́dọ̀ Jósẹ́fù.

(Kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí kíláàsì ṣì í gbọ́. Jésù kì í ṣe ọmọ òrukàn. Ọmọ Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n ní Násárétì, oúnjẹ alágbàtọ́ ni ó jẹ dàgbà.)

Nígbà tí ó yá, Jósẹ́fù àti Màríà bí àwọn ọmọ mìíràn. Máàkù 6:3 dárúkọ ọkùnrin mẹ́rin, ó sì sọ pé àwọn arábìnrin wà pẹ̀lú. Ọkùnrin mẹ́rin tó láti gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ baba wọn. Síbẹ̀ ẹsẹ kan náà jẹ́ kí a mọ̀ pé gbẹ́nàgbẹ́nà ni Jésù fúnra rẹ̀. Lọ́wọ́ ta ni ó ti kọ́ ọ, bí kò ṣe lọ́wọ́ Jósẹ́fù? Ní ẹnu àwọn ará ìlú, bí Máttéù 13:55 ti wí, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Bí ìyàtọ̀ kankan bá wà nínú ilé náà, aládùúgbò kò rí i láti ìta.

Kò túmọ̀ sí pé gbogbo rẹ̀ rọ̀ṣọ̀mù. Jòhánù 7:5 sọ pé àwọn arákùnrin rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Ó yẹ kí èyí tu àwọn òbí kan nínú tí àwọn ọmọ wọn kò tíì rẹ́ pẹ̀lú ẹni tí wọ́n mú wá sílé.

Ìsọdọmọ

Nínú Róòmù 8, Pọ́ọ̀lù lo ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Róòmù mọ̀ dáadáa. Ní òfin wọn, ẹni tí a bá sọ di ọmọ ń jẹ́ orúkọ baba rẹ̀ tuntun, ó sì ń jogún gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a bí. Wọ́n sì ti rí i lójú ara wọn, ní ààfin ọba. Ní ọdún 50, Kláúdíù ọba, ẹni tí a dárúkọ nínú Ìṣe 18:2, sọ Nérò ọmọ ìyàwó rẹ̀ di ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ní ọmọkùnrin tirẹ̀, Britannicus. Kláúdíù kú ní 54, Nérò jọba. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Britannicus kú lójijì nídìí oúnjẹ. Àwọn òpìtàn Róòmù kọ ọ́ pé májèlé ni. Ní nǹkan bí ọdún 57 ni Pọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà yìí, nígbà tí Nérò wà lórí ìtẹ́.

Ẹ rò ó wò. Àwọn tí yóò ka lẹ́tà náà mọ bí ọmọ bíbí àti ọmọ àgbàtọ́ ti lè pa ara wọn run nítorí ogún, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni Pọ́ọ̀lù yàn. Ó ní a ti sọ wá di ọmọ, a sì jẹ́ àjùmọ̀jogún pẹ̀lú Kristi. Ọmọ bíbí kan ṣoṣo náà kò bínú pé a pe àwọn àjèjì wá sídìí ogún rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi rà wọ́n wọlé. Kò sí ẹnì kankan nínú kíláàsì yìí tí ó dé iwájú Ọlọ́run bí kò ṣe gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a gbà.

Nínú ilé tiwa

A máa ń pòwe pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe náà ní ọgbọ́n tirẹ̀ fún ẹni tí ó ń fi ebi pa ọmọ rẹ̀ nítorí àtigba ìyìn níta. Ṣùgbọ́n bí a bá pa á létí ọmọ tí a gbà tọ́, ọ̀bẹ ni. Ọmọ tí ó ti di ọmọ ẹni ti kúrò ní ọmọ ẹlòmíràn.

Àwa olùkọ́ ilé-ìwé máa ń tètè rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ méjì láti ilé kan náà: ọ̀kan dé kí aago tó lù, ó ti wẹ̀, ó ti jẹun, èkejì dé lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, òógùn bò ó, nítorí òun ni ó pọnmi, tí ó gbálẹ̀, tí ó sì gbé ẹrù ìyá lọ sí ọjà Odò-Orí. Iṣẹ́ kò burú fún ọmọ. Èyí tí ó burú ni kí iṣẹ́ máa mọ ẹni tí a kò bí. Nígbà tí owó ilé-ìwé kò bá sì tó, orúkọ ta ni a kọ́kọ́ ń yọ?

Ó wà ní òdìkejì pẹ̀lú, a kì í sì í sábà sọ ọ́. Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù ẹnu ayé débi pé wọn kò lè bá ọmọ àgbàtọ́ wí. Ó jí ẹran nínú ìkòkò, wọ́n dákẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí ṣe bẹ́ẹ̀, ẹgba dé. Ọmọ bíbí náà yóò máa ṣe bí ẹ̀gbọ́n inú Lúùkù 15, yóò máa ka iye ọdún tí ó ti fi sìn. Ẹ ṣàkíyèsí pé baba inú ìtàn náà jáde lọ bá òun náà, ó sì bẹ̀ ẹ́. Ẹ bá àwọn ọmọ tí ẹ bí sọ̀rọ̀ kí àjèjì tó wọlé, kí ẹ sì tún bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. Yàrá wọn ni a ó pín, ìyá wọn ni a ó jọ máa pè.

Nípa sísọ òtítọ́ fún ọmọ, èrò tèmi ni pé kí a má ṣe fi pamọ́. Mósè dàgbà nínú ilé ọmọbìnrin Fáráò, ó sì mọ àwọn tí í ṣe ènìyàn rẹ̀. Ẹ́stérì mọ̀ pé Módékáì kọ́ ni ó bí òun. Bí ẹ kò bá sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́, ayálégbé kan yóò sọ ọ́ pẹ̀lú ìjà nídìí ẹ̀rọ omi.

Ní Ìwó tiwa, ẹbí kan a máa ní Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́. Bí ẹbí tí ó jẹ́ Mùsùlùmí bá fi ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ yín, ẹ má ṣe fi ẹran inú ọbẹ̀ ra á wá sí ilé ìjọsìn. Ẹ gbàdúrà níṣojú rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí ó rí i pé ẹ̀yin kan náà ni ẹ jẹ́ lẹ́yìn ìsìn.

Ọ̀ràn ogún kù. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní 2007, sọ pé ọmọ tí a gbà nípasẹ̀ ilé ẹjọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ogún bí ọmọ tí a bí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kàn mú wọlé láìsí ìwé, tí a ń pè ní ọmọ fún ogún ọdún, lè di àlejò ní ọjọ́ tí wọ́n bá sin baba tán. Ẹbí yóò jókòó, bóyá wọn ó pín in ní ìdí-igi ni o, bóyá ní orí-ò-jorí ni o, wọn kò ní ka orí tirẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ọmọ di ọmọ, kí ó lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà, kí ó gba ọ̀nà ilé ẹjọ́. Ẹni tí ó sì ń tọ́ ọmọ ẹbí, kí ó kọ ìwé ìhágún nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́, kí ó kọ orúkọ ọmọ náà sínú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni Jósẹ́fù ṣe fún Jésù tí baba kan lè ṣe ní Ìwó lónìí fún ọmọ tí kò bí?
2. Ta ni ó ń pọnmi nínú ilé yín? Ta ni ó ń jẹun kẹ́yìn?
3. Ìyá kan ní ọmọ mẹ́ta tí ó bí àti ọmọ àbúrò rẹ̀ tí ó ti kú. Owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò tó ọmọ mẹ́ta péré fún táàmù yìí. Ẹ jíròrò ohun tí ó lè ṣe, àti ohun tí ìjọ yìí lè ṣe pẹ̀lú rẹ̀.