Orí Keje: Ẹṣin Tí Kò Fẹ́ Lọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹṣin ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ní Ìlọrin, n kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń di gàárì tàbí bí a ṣe ń fi ìjánu sí ẹṣin lẹ́nu. Ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá lónìí. Òun ni ó ń gbé àwọn kíláàsì tí ó ṣáájú yín ṣubú.

Ẹ mú ẹṣin kékeré kan, olórí kunkun, ọ̀lẹ. Ọdún Iléyá ti sún mọ́lé, ní ọjọ́ kẹta ọdún sì ni wọn yóò gùn ún lọ sí ayẹyẹ Ojúde Ọba, níwájú ààfin Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú. Ẹ gùn ún, ó ń rìn bí ẹni tí ń lọ san gbèsè. Ẹ fi ẹsẹ̀ gbá a níhà, ó gbé ìṣísẹ̀ méjì, ó dúró. Kí ni ká ṣe?

Kíláàsì tó kọjá dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ nà án!" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Ẹ gbá a sí i." Mo ní rárá o.

Kí á tó pè é ní ọ̀lẹ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tú gàárì, ẹ fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, egbò lè wà lábẹ́. Ẹ gbé pátákò rẹ̀ wò. Eyín rẹ̀ lè ti mú débi pé ó ń gé e lẹ́rẹ̀kẹ́. Aràn lè wà nínú rẹ̀. Nínú oòrùn wa, ẹṣin lè mu tó lítà 40 omi lójúmọ́. Ṣé ó rí i mu? Ẹni tí ó bá gba owó oúnjẹ ẹṣin, tí ó fi ra nǹkan mìíràn, ẹṣin kọ́ ni ọ̀lẹ níbẹ̀.

Bí ara rẹ̀ bá dá, ẹ ka gbólóhùn yìí pẹ̀lú mi: BÍ ẸṢIN BÁ TI LỌ, Ẹ DẸ ẸSẸ̀ YÍN. Ẹ tún un kà.

Ẹsẹ̀ tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ níhà kọ́ ni ó ń kọ́ ẹṣin. Dídẹ̀ tí ẹ dẹ ẹsẹ̀ náà ni ó ń kọ́ ọ. Ta ni nínú yín tí kò tíì ru ẹrù wúwo rí? Bí ẹ bá sọ ẹrù kalẹ̀, ara á tù yín, ẹ ó sì rántí ibi tí ẹ ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá gbé e padà lé yín lórí lójú ẹsẹ̀, ṣé ẹ ó tún yára dé ibẹ̀ lọ́la? Bẹ́ẹ̀ ni ẹṣin tí ó lọ, tí ẹsẹ̀ yín kò dẹ̀. Ó ti ṣe ohun tí ẹ fẹ́, ìyà kò sì dáwọ́ dúró. Kí ni yóò tún lọ ṣe?

Eṣinṣin kan bà lé ẹṣin, awọ rẹ̀ á gbọ̀n. Ara tó gbọ́ eṣinṣin, ṣé kò ní gbọ́ ẹsẹ̀ yín? Ó ń gbọ́. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ ọ kí ó má dáhùn, bíi dírẹ́bà tó ń tẹ hóònù láti àárọ̀ dalẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò yà fún mọ́.

Nítorí náà, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ níhà. Kò lọ? Ẹ tẹ̀ ẹ́ le díẹ̀. Kò lọ? Ẹ fi pàṣán kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́yìn ẹsẹ̀ yín. Ó lọ? Ẹ dẹ ẹsẹ̀. Ìyá àgbà kan bi mí pé, "Tíṣà, tí mo bá dẹ ẹsẹ̀, ṣé kò ní tún dúró ni?" Yóò dúró, mà. Ẹ tún rọra bẹ̀rẹ̀. Láti orí pẹ̀lẹ́ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo, kì í ṣe láti ibi tí a bá a dé lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ wo ọwọ́ yín náà. Bí ẹsẹ̀ bá ń sọ pé lọ, tí ọwọ́ ń fa ìjánu pé dúró, ẹṣin á yan dídúró. Ẹ dẹ ìjánu.

Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Nínú ìwé yìí, òwe yẹn kì í ṣe òwe: ẹ fi ẹṣin àgbà tó yá ẹsẹ̀ ṣíwájú rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ tó jẹ́ kí òun náà ṣíwájú. Bí ó bá ṣe dáadáa, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó rẹ̀ ẹ́.

Àwọn kan wà tó ń fi kẹ́sẹ́ gún ẹṣin títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde nítorí fọ́tò. Ní Ojúde Ọba, ìbọn ń dún, ọmọ kéékèèké wà létí ọ̀nà, ẹṣin tí ìyà ti sọ di wèrè kò mọ ọmọ ẹni tí yóò tẹ̀. Irú wọn kò yẹ ní ẹni tí à ń gbé ẹṣin lé lọ́wọ́.

Ẹ kọ ìdáhùn ìbéèrè yìí sínú ìwé yín: Ẹ tẹ ẹṣin níhà, ó gbé ìṣísẹ̀ kan péré. Ṣé nígbà náà ni kí ẹ dẹ ẹsẹ̀, àbí ìgbà tí ó bá gbé mẹ́wàá?