Ohun Tí A Mú Kúrò Lójú, Ṣé Ó Ti Kúrò Nílé?

Púpọ̀ nínú yín ló ń kọ́ JavaScript, èdè kọ̀ǹpútà tí Brendan Eich ṣẹ̀dá ní ọdún 1995. Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni pé: bí a bá mú nǹkan kúrò lójú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé ó ti kúrò nínú ìrántí kọ̀ǹpútà? Ìdáhùn ni pé kì í ṣe ìgbà gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó kó ẹrù kúrò ní pálọ̀, tó lọ kó o sí yàrá, pálọ̀ rẹ̀ mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé kò fẹ̀ sí i.

Bí a ṣe ń mú nǹkan kúrò

let apoti = document.getElementById("apoti");
apoti.remove();

Ìlà kejì ti yọ àpótí náà. Ẹni tó ń wo ewé kò ní rí i mọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a pè é ní ìlà kìn-ín-ní ṣì dì í mú.

Ta ló ń palẹ̀ mọ́?

JavaScript ní agbálẹ̀ tirẹ̀. John McCarthy ló gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀ fún èdè Lisp ní nǹkan bí ọdún 1959. Agbálẹ̀ yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ohun tí ètò ń lò lọ́wọ́, á sì máa tọ okùn wọn lọ. Ohun tí okùn bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní fọwọ́ kàn án. Èyí tí okùn kankan kò dé ni yóò gbá dànù. Kò lè mọ̀ pé a kò nílò nǹkan mọ́. Àwa la gbọ́dọ̀ tú okùn náà.

Okùn mẹ́ta tí a máa ń gbàgbé

1. Orúkọ. Bí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ kọ apoti = null. Ẹ ṣọ́ra o: bí ẹ bá di bọ́tìnnì kan ṣoṣo mú nínú fọ́ọ̀mù tí ẹ ti yọ, gbogbo fọ́ọ̀mù náà ni yóò wà nínú ìrántí, nítorí bọ́tìnnì náà mọ òbí rẹ̀.

2. Aago. Iṣẹ́ tí ẹ fi setInterval bẹ̀rẹ̀ kò ní dúró fúnra rẹ̀, kò sì ní jọ̀wọ́ ohun tó ń lò. clearInterval ni ẹ ó fi dá a dúró.

3. Etí. Bí ẹ bá fi addEventListener sára window, tí iṣẹ́ tí ẹ fún un sì ń lo àpótí náà, àpótí kò ní lọ. Ẹ fi removeEventListener yọ ọ́, kí ẹ sì fún un ní iṣẹ́ kan náà gan-an tí ẹ fún ti àkọ́kọ́.

Kí ló kàn wá nínú rẹ̀?

Ẹ̀ẹ̀kan lè má hàn. Ṣùgbọ́n tó bá ṣẹlẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún lórí fóònù tí ìrántí rẹ̀ kéré, ewé á máa falẹ̀, ó sì lè ku lójijì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kún fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ á pàdánù gbogbo ohun tó ti kọ, kò sì ní mọ̀ pé àìbìkítà ẹni tó kọ ètò ló fà á.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ ṣí àpótí kan kí ẹ sì tì í nígbà ogún lórí ewé tí ẹ fúnra yín kọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Memory nínú DevTools ti Chrome, ẹ ya àwòrán ìrántí náà, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ náà Detached. Bí ẹ bá rí àpótí yín níbẹ̀, ẹ wá ẹni tó di okùn rẹ̀ mú.