Omi tó kan, omi tó le: bí a ṣe lè fi ìkarahun tọ́jú omi ẹja wa

Ọ̀rọ̀ ẹja sísìn la tún gbé dé lónìí. Ẹ̀yin tó ń sin ẹja ń béèrè pé: kí ló dé tí ẹja fi ń kú nínú omi tó mọ́ kedere?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ara mi. Nígbà tí mo mọ kòtò sìmẹ́ǹtì mi àkọ́kọ́, n kò ní sùúrù. Bí sìmẹ́ǹtì ṣe gbẹ ni mo pọn omi kún un, mo sì da 400 ọmọ ẹja àrọ̀ sí i. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́ lọ́jọ́ kejì, púpọ̀ nínú wọn ti léfòó. Mo rò pé ẹni tó tà wọ́n fún mi ló rẹ́ mi jẹ. Mo fẹ́ lọ bá a jà. Àṣé omi ni n kò mọ̀.

Kíkan omi àti líle omi

Omi máa ń kan bí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Omi sì máa ń le bí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Ojú kò lè rí i. Bébà kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní bébà pH. Ẹ ó tì í bọ omi, àwọ̀ rẹ̀ á yí, ẹ ó sì fi àwọ̀ náà wé nọ́ńbà tó wà lára páálí rẹ̀. 7 ni àárín. Tó bá wálẹ̀ sí 7, omi ti ń kan. Tó bá kọjá 7, omi ti ń le. Láti 6.5 dé 8.5 ló rọ ẹja lọ́rùn.

Sìmẹ́ǹtì tuntun máa ń mú omi le gan-an. Ohun tó pa ẹja mi nìyẹn. Ẹ pọn omi kún kòtò tuntun, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ fọ ara ògiri rẹ̀, ẹ dà á nù. Ẹ tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán. Àwọn mìíràn máa ń gé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ti bébà bọ̀ ọ́. Tí bébà bá gbà, ẹ kọ́kọ́ fi ẹja 5 tàbí 10 dán an wò fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó kó ìyókù sí i.

Ṣùgbọ́n tí kòtò bá ti gbó, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ẹja ń mí, ó ń jẹ, ó ń yàgbẹ́. Èémí rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ń mú omi kan díẹ̀díẹ̀. Ẹja kì í kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo níbẹ̀. Kò kàn ní jẹun dáadáa mọ́, kò ní sanra, owó oúnjẹ á sì máa ṣòfò.

Ìkarahun lè ràn wá lọ́wọ́

Ẹ lọ ìkarahun ìgbín díẹ̀, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ ó rí i tó ń hó. Ìkarahun ń yọ́, ó sì ń pa kíkan ọsàn náà. Ohun kan náà ló ń ṣe nínú omi. Bí omi bá kan, ìkarahun á yọ́. Bí omi bá ti dára, kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe ẹja léṣe.

Àwọn kan wà lókè òkun tí ń sin ẹran inú òkun tí ń kọ́ ilé bí òkúta, àwọn ẹbí iyùn, sínú àpótí díńgí. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí ń fẹ́ irú èémí tí àwa ń mí jáde sínú ike tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́. Omi inú ike náà á kan, òkúta á yọ́, omi á sì gbé ohun tó yọ́ náà lọ fún ẹran wọn láti fi kọ́ ara. Tiwa kò nílò iná mànàmáná.

1. Ẹ kó ìkarahun ìgbín, tàbí ìkarahun etí ọ̀sà tí wọ́n ń lọ̀ sí oúnjẹ adìyẹ. Ẹ sè é, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn. Ẹran kankan kò gbọdọ̀ kù lára rẹ̀, torí á rà.
2. Ẹ fọ́ ọ tóbi bí ẹyọ àgbàdo. Ẹ má lọ̀ ọ́ kúnná, torí omi kò ní ráàyè kọjá.
3. Ẹ lu ihò sí ìdí korobá, ẹ tẹ́ àwọ̀n sí i, ẹ kó ìkarahun sínú rẹ̀. Ẹ gbé e sí ibi tí omi ti ń wọ kòtò. Tí kò bá sí páìpù, ẹ di í sínú àpò àwọ̀n, kí ẹ fi kọ́ sínú omi.
4. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ ṣàn án, torí ohun tó ń yọ̀ máa ń bò ó, kì í sì í jẹ́ kó yọ́. Bó bá dín kù, ẹ fi kún un.
5. Ẹ ti bébà bọ omi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, torí oòrùn àti ewé inú omi máa ń gbé nọ́ńbà sókè lọ́sàn-án. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí nọ́ńbà òwúrọ̀ bá ṣì ń wálẹ̀, ẹ fi ìkarahun kún un.

Ẹ ṣọ́ra o

Fún kòtò inú ilẹ̀, òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ kúnná dára: kíló 10 sí 20 fún mítà 10 lọ́nà mítà 10, lórí ilẹ̀ kòtò tó gbẹ, kí omi tó wọlé. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wà ní Onigbolo láti ṣe sìmẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ kì í ṣe oògùn omi. Ẹ má dà á sí i láé.

Ẹfun tí wọ́n ti sun níná, tí àwọn ará Faransé ń pè ní *chaux vive*, kò gbọdọ̀ kan omi tí ẹja wà nínú rẹ̀. Ó ń jó ojú àti awọ ara. Bó bá ta sí ẹnì kan lójú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án títí, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Bí ẹja bá ń já ẹnu sókè láàárọ̀, afẹ́fẹ́ ló wọ́n nínú omi. Ìkarahun kò lè wo ìyẹn sàn. Ẹ dá oúnjẹ dúró, ẹ pààrọ̀ omi díẹ̀.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́

Ta ló ti pàdánù ẹja láàárín yín, ṣé kòtò tuntun ni àbí èyí tó ti gbó? Níbo la ti lè kó ìkarahun jọ lábúlé wa? Ṣé ẹgbẹ́ lè dá owó ra páálí bébà kan fún gbogbo wa?

Ẹni tó mọ omi ló ń jẹ ẹja.