Kí Ọ̀dọ́ Tó Di Ẹ̀bi Ru Fáírọ́ọ̀sì

Ọ̀dọ́ tí kọ̀ǹpútà àlòkù rẹ̀ ń fà, kó tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ ná, kí Task Manager yọjú. Bí “System interrupts” bá ń jẹ agbára CPU ṣáá, ara ẹ̀rọ tàbí dráífà ni kó fura sí. Kó yọ ohun tó wà nídìí USB lọ́kọ̀ọ̀kan, kó máa ṣọ́ ìdá CPU tí “System interrupts” ń jẹ.

Ti Windows XP tún lọ́tọ̀. Bí DMA, ìyẹn ọ̀nà tí dísìkì IDE ń gbà gbé dátà láìdi ẹrù náà ru CPU, bá kọsẹ̀ ju ìgbà 6 lọ, Windows á bọ́ sí PIO, CPU fúnra rẹ̀ á wá máa ru dátà. Kó pààrọ̀ wáyà pẹlẹbẹ ìdí dísìkì, kó yọ ìlà IDE náà kúrò nínú Device Manager, kó tún ẹ̀rọ tàn.

Eruku fáànù ńkọ́? Ó ń há ooru mọ́nú ẹ̀rọ, ooru sì ń dín eré CPU kù. Kó yọ iná, kó fẹ́ eruku náà nù.