Kí Abẹ Tó Kan Orí Ọmọ

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ títún agbárí ọmọ ọwọ́ ṣe, ojú àti ìka yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Bí wọ́n bá gbé ọmọ tí ìpàkọ́ rẹ̀ tẹ́ lápá kan wá, ẹ jẹ́ kó jókòó sórí itan ìyá rẹ̀, kí ẹ dúró lókè rẹ̀, kí ẹ wo etí méjèèjì. Bí etí apá tó tẹ́ bá sún síwájú, tí iwájú orí apá yẹn náà sì yọ díẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ìdùbúlẹ̀ ló tẹ orí. Abẹ kò kan irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́ ìyá rẹ̀ bí yóò ṣe máa yí i padà, bí yóò sì ṣe máa dà á dojú bolẹ̀ nígbà tó bá lajú, tí ẹnìkan ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí oorun bá dé, kó fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ẹ̀mí ọmọ ṣáájú ẹwà orí.

Bí ìka yín bá kan egungun tó ga lábẹ́ awọ, níbi tó yẹ kí egungun méjì ti pàdé láìtíì so pọ̀, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Egungun orí ti tètè so pọ̀ jù nìyẹn, ó sì ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bí ọmọ 1 nínú 2,000 sí 2,500. Ọpọlọ ọmọ ń tó ìlọ́po méjì láàárín ọdún àkọ́kọ́. Bí ọ̀nà kan bá dí, orí á gba ibi tó ṣí sílẹ̀ yọ. Ẹ bi ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ náà pẹ̀lú. Òun ló ń fi omi gbígbóná tẹ orí rẹ̀ láràárọ̀, ó sì lè ti mọ ìgbà tí orí kò gbọ́ ọwọ́ mọ́. Ẹ fi dá a lójú pé kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló bà á jẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá di ti abẹ, ẹ má dá iṣẹ́ yìí ṣe. Paul Tessier, ọmọ Faransé tó gbé iṣẹ́ abẹ agbárí àti ojú wá síwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Róòmù ní 1967, kò dá a ṣe: òun àti Gérard Guiot, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ni wọ́n jọ ń ṣe é ní Hôpital Foch, nítòsí Parisi.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ọmọ tó wọn kílò 5 ní nǹkan bí mililítà 400 péré, kò kún ìgò mínírà 50cl. Bí 100 bá dànù, ìdá kan nínú mẹ́rin ti lọ, aṣọ tí ẹ fi ń nù ún sì lè fa ìyẹn mu láìjẹ́ pé ẹ fura. Ẹ wọn aṣọ wọ̀nyẹn. Kí ẹ̀jẹ̀ tó bá tirẹ̀ mu wà nínú yàrá kí ẹ tó gé awọ, kì í ṣe ní báńkì ẹ̀jẹ̀. Bí dókítà akunilóorun bá sì pariwo pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ lójijì, ẹ da omi iyọ̀ sójú iṣẹ́ kíákíá, kí ẹ rẹ orí ọmọ sílẹ̀: atẹ́gùn lè ti wọ iṣan.

Ẹ gé awọ ní kọ́lọkọ̀lọ láti etí dé etí, kí irun lè bo àpá. Níbi tí wọ́n ti ń fá irun ọmọkùnrin mọ́lẹ̀, yóò ṣì máa hàn. Ẹ sọ fún òbí ṣáájú. Ẹ má ṣèlérí orí rogodo. Ẹ sọ pé egungun lè tún há bí ọmọ ti ń dàgbà, pé ojú ni ìfúnpá inú orí lè kọ́kọ́ bà jẹ́ láìsí ariwo, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àyẹ̀wò ojú sí káàdì rẹ̀ kó tó kúrò ní wọ́ọ̀dù.