Jò, Sun, Làágùn, Rin: Ọ̀rọ̀-Ìṣe Mẹ́rin fún Mímọ Ìjò Omi tí ó Fara Sin Nínú Ilé

1. Ìfáàrà

Bí onílé bá rí ibi tí ó tutù lára ògiri, ohun tí ó sábà máa ń sọ ni pé, 'Ilé yìí ń jò.' Gbólóhùn náà bá gírámà mu, ṣùgbọ́n ó lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Òrùlé ni káfíńtà ń tún ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ kò kan páìpù tí ó fọ́ sínú ògiri. Ẹni tí ó bá pe oníṣẹ́ kan fún iṣẹ́ ẹlòmíràn yóò náwó, omi kò sì ní í dáwọ́ dúró.

Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì. Iṣẹ́ ńlá kan tí ó kù fún àwa tí a ń wá èdè-ìperí ni láti fi ààlà sáàárín àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti ní. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó yẹ ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin wò, a ó sì fi hàn bí ìyàtọ̀ ìtumọ̀ wọn ṣe lè ran onílé lọ́wọ́.

2. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe náà

(a) Jò: Omi ń jò bí ó bá gba ihò tàbí ojú-ìsopọ̀ kọjá lára ohun tí ó yẹ kí ó dá a dúró. Ìjò òrùlé ń tẹ̀lé òjò, ó sì ń gbẹ bí òjò bá dá. Ìjò páìpù kò mọ òjò, kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn. Ògiri tí kò gbẹ nígbà ọyẹ́ ń tọ́ka sí páìpù.

(b) Sun: Inú ilẹ̀ ni omi tí ó ń sun ti ń wá; láti ara rẹ̀ ni a ti ṣẹ̀dá ìsun. Omi ilẹ̀ a máa gun ẹsẹ̀ ògiri gẹ́gẹ́ bí karosíìnì ti ń gun òwú àtùpà. A dábàá ìfàsókè fún èyí. Kì í sábà ga ju mítà 1 lọ. Bí òkè ògiri bá tutù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ, kì í ṣe ìfàsókè.

(d) Làágùn: Páìpù tútù a máa làágùn bí ìkòkò omi. Inú afẹ́fẹ́ ni omi náà ti wá, kò sí ihò kankan níbẹ̀. Nítorí pé a ń sọ pé ìrì sẹ̀, a dábàá ìsẹ̀rì.

(e) Rin: Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí kò sọ ohun tí ó fa omi, ipò tí nǹkan wà ni ó ń sọ. Ìjò, ìsun àti ìsẹ̀rì ni ó lè mú kí ògiri rin. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ọ̀rinrin nìkan ni a rí, kò tọ́ kí a tètè pè é ní ìjò.

3. Àwọn àmì

Ọ̀dà ògiri a máa wú bí ìléròrò, a sì bó. Ògiri a máa bu, èbu rẹ̀ a sì máa rùn. Ilẹ̀kùn tí ó ń ṣí wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ a wú. Koríko a tutù yọ̀yọ̀ lójú ọ̀nà páìpù nígbà tí ìyókù àgbàlá ti gbẹ. Pọ́ǹpù a máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lo omi.

4. Àyẹ̀wò

Ní alẹ́, kí a pa pọ́ǹpù, kí a ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ, kí a sì sàmì sí ibi tí omi dé nínú táńkì. Bí omi bá ti fà ní òwúrọ̀, ìjò wà. Ní alẹ́ kejì, kí a ti ìdènà tí ó wà lẹ́nu páìpù tí omi ń gbà jáde lára táńkì. Bí omi bá tún fà, táńkì fúnra rẹ̀ ni ó ń jò. Bí kò bá fà, inú ilé ni kí a wá a sí.

Fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi, kí a da àwọ̀ oúnjẹ díẹ̀ sínú táńkì ẹ̀yìn rẹ̀, kí a má fa omi rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Bí àwọ̀ náà bá hàn nínú àwo ìsàlẹ̀, omi ń jò níbẹ̀.

Ìjò kékeré kò ṣeé fojú di. Ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹ̀kán 86,400 lọ́jọ́. Bí ẹ̀kán 4,000 bá kún lítà 1, omi tí ó ń ṣòfò lé ní lítà 21 lọ́jọ́ kan.

5. Ewu àti ìparí

Owó nìkan kọ́ ni ìjò ń jẹ. Bí omi bá kan wáyà iná nínú ògiri, ó lè pa ènìyàn. Kí a pa iná láti orísun rẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan irú ògiri bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà sì ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ní ìlú tí omi ẹ̀rọ ti ń dá lóòrèkóòrè, ipá tí omi fi ń ti ara páìpù a máa lọ sílẹ̀. Omi ìdọ̀tí tí ó yí páìpù ká a sì lè gba ojú ihò kan náà wọlé. Ibi tí omi mímu ti ń jáde ni àìsàn lè gbà wọlé.

Kí onílé tó ránṣẹ́ pe oníṣẹ́, kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé òjò ni ọ̀rinrin yìí ń tẹ̀lé? Ṣé láti ilẹ̀ ni ó ti ń gòkè? Ṣé òógùn páìpù ni? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó wá ìjò páìpù.